Ìwà Ẹmu àti Ìtọ́wò Rẹ̀ ní Olódò àti Àwọn Abúlé Ìlà-Oòrùn Ìbàdàn: Àyẹ̀wò Onítàn

1. Ìfáárà

Nínú ìwé àwọn Òyìnbó lórí ọtí mímu, wáìnì pupa tí ó le ni a sábà máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo ọtí yòókù. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tọ́ wò a máa sọ bí ó ti wúwo tó lórí ahọ́n, irú èso tí òórùn rẹ̀ jọ, bí ó ti ń fa ẹnu jọ tó, àti bí adùn rẹ̀ ti ń pẹ́ tó ní ọ̀nà ọ̀fun lẹ́yìn tí a bá ti gbé e mì. Èrò kan wà lábẹ́ gbogbo àpèjúwe wọ̀nyí, èyí ni pé ọtí tí ó bá lè pẹ́ ni ọtí tí ó ní ìwà. Wáìnì pupa tí a pọn dáradára lè wà nínú ìgò fún ọdún 10 tàbí 20, kí ó máa rọ̀, kí òórùn rẹ̀ sì máa yí padà. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ẹmu, ẹmu kò ní já mọ́ nǹkan kan, nítorí ẹmu àárọ̀ kì í ṣe ẹmu ìrọ̀lẹ́, ẹmu àná sì ti di nǹkan mìíràn kí ilẹ̀ òní tó mọ́.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé òṣùwọ̀n náà ni kò bá ẹmu mu. Ẹmu ní ìwà tirẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí ni ó fi ń gbé e jáde níbi tí wáìnì pupa ti ń lo ọdún. Èdè ìtọ́wò tí àwọn Yorùbá ń lò fún ẹmu, ètò iṣẹ́ adẹ́mu, àti bí àwọn abúlé ṣe yí ìlú Ìbàdàn ká, gbogbo wọn ni ẹ̀rí fún ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a ní láti tún ìtàn bí ẹmu ṣe pàdánù àyè rẹ̀ fún ọtí inú ìgò wò, nítorí pé ohun tí a sábà máa ń kà sí àbùkù adùn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àkókò àti ọ̀nà jíjìn lásán. Olódò, ní ojú ọ̀nà Ìwó, àti àwọn abúlé tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn Ìbàdàn ni a fi ṣe àpẹẹrẹ.

2. Olódò àti Oko Ìbàdàn

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn nígbà tí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí 1829. Kò pẹ́ tí ó fi di ìlú ńlá, ṣùgbọ́n ìlú àgbẹ̀ ni títí di ọ̀rúndún ogún. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí iṣẹ́ wọn wà nínú ìwé The City of Ibadan, èyí tí Lloyd, Mábògùnjẹ́ àti Awẹ́ ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1967, ṣe àlàyé bí ìlú àti oko ṣe so mọ́ ara wọn. Ọmọ Ìbàdàn kan náà ni ó ní yàrá nínú agbo ilé ní ìlú tí ó tún ní ahéré ní oko. Ẹni tí oko rẹ̀ kò jìnnà a máa lọ, a máa bọ̀ lójúmọ́. Ẹni tí oko rẹ̀ jìnnà a máa sùn sí abúlé, a sì padà wá sílé nígbà ọdún, ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó.

Olódò wà lára àwọn ibùgbé tí kò jìnnà sí ìlú. Orúkọ rẹ̀ pàápàá ń tọ́ka sí odò. Abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú ni agbègbè náà wà kí a tó yọ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá kúrò lára rẹ̀ ní 1989. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí wọ́n tún la ọ̀nà rẹ̀ lọ sí Òṣogbo, tí ó dé ibẹ̀ ní 1907, ìhà Olódò àti Lálúpọn ni ó gbà kọjá. Ìlẹ̀ agbègbè yìí jẹ́ ilẹ̀ ọ̀pẹ. Àwọn àgbẹ̀ a máa dá ọ̀pẹ sí nígbà tí wọ́n bá ń ṣán igbó, nítorí epo, ekùrọ́, ìmọ̀ ọ̀pẹ àti ẹmu tí ó wà lára rẹ̀. Ní etí odò àti ní àbàtà ni igi ògùrọ̀ ti ń hù.

Ìsúnmọ́ra abúlé àti ìlú yìí ṣe pàtàkì. Iṣu lè dúró fún oṣù díẹ̀ nínú àká. Epo pupa lè wà nínú ìkòkò fún ìgbà pípẹ́. Kòkó tí ó bá ti gbẹ lè rìn dé òkè òkun. Ṣùgbọ́n ẹmu kò ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni. Ẹmu tí a gbé sọ̀ kalẹ̀ lórí igi ní kùtùkùtù ní láti dé ọwọ́ ẹni tí yóò mu ún láàárín wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, a lè sọ pé ẹmu fúnra rẹ̀ ni ó pààlà ọjà rẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ aláàárù, àti lẹ́yìn náà kẹ̀kẹ́ ológeere, bá lè dé kí oòrùn tó mú, ibẹ̀ ni ọjà ẹmu abúlé parí sí.

3. Igi, Agbè àti Ọwọ́ Adẹ́mu

Oríṣi méjì pàtàkì ni ọtí tí a ń rí lára igi ní agbègbè yìí. Èkíní ni ẹmu, tí ó ń ti ara ọ̀pẹ wá, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Elaeis guineensis. Èkejì ni ògùrọ̀, tí orúkọ igi àti orúkọ ọtí rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Raphia hookeri ni a mọ ọ́n sí nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi ògùrọ̀ ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, lẹ́yìn èyí a kú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dá ògùrọ̀ ń mu ìgbẹ̀yìn igi náà ni. Ọ̀pẹ ní tirẹ̀ lè fara da dídá léraléra bí ọwọ́ tí ń dá a bá mòye.

Ọwọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kàn. Adẹ́mu a fi igbà gun ọ̀pẹ, a fi ọ̀bẹ mímú ṣí ojú ibi tí òdòdó akọ ti ń jáde, a sì so agbè mọ́ ọn. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa gùn ún, tí yóò máa gbé èyí tí ó ti kún kalẹ̀, tí yóò sì máa tún ojú ọgbẹ́ náà ṣe. Bí ó bá gé e jù, igi yóò jìyà. Bí kò bá sì gé e tó, ojú ọgbẹ́ yóò dí, omi ọ̀pẹ kò sì ní sun dáadáa.

Ohun mìíràn tí ó wà ní ìkáwọ́ adẹ́mu ni agbè. Omi tí ń sun láti ara ọ̀pẹ dùn, kò sì ní agbára ọtí kankan nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹmu ni ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn tí ó wà ní ojú ọgbẹ́, nínú afẹ́fẹ́, àti nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó kù sí ìsàlẹ̀ agbè láti àná. Adẹ́mu tí ó bá fẹ́ kí ẹmu rẹ̀ dùn a fọ agbè náà mọ́. Èyí tí ó bá fẹ́ kí ó le kíákíá a fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí adẹ́mu kò tilẹ̀ rí ìwúkàrà rí, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ bí yóò ti darí rẹ̀. Ìpinnu tí ó ń ṣe nípa agbè kò yàtọ̀ ní ìpìlẹ̀ sí ìpinnu ẹni tí ń pọn wáìnì nípa iye ọjọ́ tí èèpo èso àjàrà yóò fi wà nínú omi rẹ̀ kí a tó sẹ́ ẹ.

Lítíréṣọ̀ pàápàá jẹ́rìí sí i. Nínú ìwé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutùọlá gbé jáde ní 1952, ikú adẹ́mu kan ni ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìrìn àjò. Oko ọ̀pẹ kò parẹ́, ọ̀mu kò sì ṣàìlówó, síbẹ̀ kò rí ẹlòmíràn tí ó lè dá ẹmu tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn náà di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Àwọn òǹwòran sábà máa ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀mùtí inú ìtàn náà, ṣùgbọ́n òye tí ó wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe kókó fún onítàn: ọwọ́ tí ó dá ẹmu wà nínú adùn ẹmu.

4. Èdè Ìtọ́wò

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó gbé ìgbésí ayé ẹmu ró nínú èdè Yorùbá: dùn, le, àti kan. Ẹmu a dùn, ẹmu a le, ẹmu a sì kan. Wọn kì í ṣe àpèjúwe adùn nìkan, wọ́n tún ń sọ àkókò. Ẹni tí ó bá ní ẹmu kan “ti ń le bọ̀” ti sọ fún ẹni tí ń gbọ́ ọ pé ó pẹ́ díẹ̀ tí a ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, pé adùn ṣì wà níbẹ̀, àti pé kí ó yára. Ẹni tí ó bá ní ó “ti kan” ti sọ pé àsìkò rẹ̀ ti kọjá. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú èdè ìtọ́wò wáìnì pupa tí ó so adùn mọ́ wákàtí pinpin báyìí.

Láàárín àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni àwọn àmì kéékèèké wà. Ojú ni ó kọ́kọ́ ń ṣèdájọ́. Omi ọ̀pẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sun mọ́ gaara. Bí ìwúkàrà ti ń pọ̀ sí i ni yóò máa funfun bí omi ògì. Etí náà ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹmu tí ó wà láàyè a máa hó wùùwùù nínú agbè, ìfófó rẹ̀ a sì gun ẹnu agbè. Imú a gbọ́ òórùn rẹ̀. Nígbà tí ó bá wá dé ẹnu, a máa ta ahọ́n fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ẹmu tí kò ta mọ́, tí kò sì dùn, tí kò tíì kan, ìfura ni ó yẹ kí a fi gbà á, nítorí ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ̀ ọ́.

Ibi tí dídùn àti líle ti pàdé ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ó mọ ẹmu mu fẹ́. Bí ó bá dùn jù, wọn a ní ti ọmọdé ni. Bí ó bá le jù, adùn ti sá lọ. Àárín náà kì í pẹ́. Ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ni, oòrùn a sì tún máa dín in kù. Ìwà ẹmu wà nínú àárín yìí, bí ìwà wáìnì pupa ti wà nínú ìgbà tí kíkorò rẹ̀ ti rọ̀ ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ kò tíì lọ. Ohun tí ń fa ẹnu jọ nínú wáìnì pupa ni èròjà kan tí ń jẹ́ tánìnì, tí ó ń ti ara èèpo àti kóró èso àjàrà wá. Irú rẹ̀ wà nínú obì, ẹni tí ó bá ti jẹ obì sì mọ bí ó ti ń ṣe ẹnu. Tánìnì yìí wà lára ohun tí ń jẹ́ kí wáìnì pupa lè fara da ọdún púpọ̀. Ẹmu kò ní in, nítorí náà kò ní apata tí yóò fi dojú kọ ìgbà.

Ó yẹ kí a rántí pé ará ilẹ̀ wáìnì kan ti tọ́ ẹmu wò láti ìgbà pípẹ́, tí kò sì fojú tín-ín-rín rẹ̀. Alvise Cadamosto, ará Venice, tí ó rìn dé ẹ̀bá odò Senegal ní 1455 lábẹ́ àṣẹ Ọmọba Henry ti ilẹ̀ Pọ́túgà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹmu ibẹ̀ dùn púpọ̀ ní ọjọ́ kìíní, pé adùn náà ń dínkù lójoojúmọ́, àti pé ó dára jù láti mu lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ju ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Ó tún sọ pé ó ń pa ènìyàn bí wáìnì. Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú ẹ̀rí yìí ni pé àlejò náà rí i kíákíá pé a kò lè ṣe àpèjúwe ẹmu láìsọ iye ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn wà nínú ìtumọ̀ Bíbélì. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀rọ̀ náà “ẹmu” wà ní ọwọ́ wọn. Síbẹ̀ “ọtí wáìnì” ni wọ́n kọ. Wọ́n gba orúkọ igi náà, àjàrà, láti inú igbó Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n yá orúkọ ọtí rẹ̀. Ohun yòówù kí ìdí wọn jẹ́, àyọrísí rẹ̀ ni pé ọtí orí tábìlì mímọ́ àti ọtí inú agbè kò jẹ́ orúkọ kan náà mọ́.

5. Ohun tí Ilé Ìwádìí Rí

Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, ẹmu kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò sì pẹ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi gbé e wọ ilé ìwádìí. Olumbe Bassir, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kẹ́míkà ẹ̀dá alààyè, gbé àkíyèsí rẹ̀ nípa bí ẹmu ṣe ń yí padà jáde ní 1962. Òun àti Faparusi sì tún tẹ̀ síwájú ní àwọn ọdún 1970. Àwọn ìwádìí wọ̀nyí, pẹ̀lú èyí tí àwọn mìíràn ṣe lẹ́yìn wọn, fi nọ́ńbà sí ohun tí adẹ́mu ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ṣúgà inú omi ọ̀pẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sun tó 10% sí 12%. Omi náà kì í kan rárá ní àkókò yìí. Lẹ́yìn náà ni ìwúkàrà, pàápàá èyí tí ń jẹ́ Saccharomyces cerevisiae, yóò bẹ̀rẹ̀ sí sọ ṣúgà di agbára ọtí àti afẹ́fẹ́. Kòkòrò àìfojúrí mìíràn tí ń jẹ́ Zymomonas a máa bá a ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń sọ wàrà di kíkan náà wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn ni àwọn tí ń sọ agbára ọtí di ọtí kíkan yóò gba ilé. Agbára ọtí inú ẹmu kì í sábà kọjá 5% sí 7%, nígbà tí ti wáìnì pupa tí ó le lè tó 13% sí 15%. Dùn, le, kan: ìpele mẹ́ta tí èdè ti là sílẹ̀ ni ilé ìwádìí náà rí.

Ìwádìí kan tí Faparusi àti Bassir gbé jáde ní 1972 tún súnmọ́ ọ̀rọ̀ wáìnì pupa gidigidi. Ó dá lórí èèpo igi Saccoglottis gabonensis, tí a máa ń fi sínú ẹmu ní àwọn apá kan ní gúúsù Nàìjíríà. Èèpo náà a máa mú kí ẹmu korò díẹ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, kí ó sì fà á sẹ́yìn díẹ̀ kí ó tó bàjẹ́. Wọ́n rí i pé omi èèpo yìí ń dí díẹ̀ lára àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹmu lọ́wọ́. Ohun tí èèpo èso àjàrà ń ṣe fún wáìnì pupa ni àwọn adẹ́mu wọ̀nyí ti ń wá lára èèpo igi, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Ó hàn nígbà náà pé àìlèpẹ́ ẹmu jẹ́ ìṣòro tí àwọn tí ó ni ín mọ̀, tí wọ́n sì gbìyànjú láti yanjú.

6. Ọtí Inú Ìgò

Ọtí òkè òkun tí ó kọ́kọ́ bá ẹmu dù ú ní ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe wáìnì. Jíìnì àti sínáàpù láti Holland àti Jámánì ni. Wọ́n wọlé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún nínú àpótí, wọ́n sì lè dúró nínú àká fún ọdún púpọ̀. Nítorí pé wọn kì í bàjẹ́, ìgò jíìnì di ohun tí a lè fi ṣe ìdána, tí a lè fi tu orí ilẹ̀ lójú, tí a lè fi san ìtanràn, tí a tilẹ̀ ń ná bí owó ní àwọn ibìkan. Ẹmu kò lè ṣe irú èyí. A lè fi ẹmu ṣe àlejò lónìí, ṣùgbọ́n a kò lè fi í pamọ́ de àna tí ń bọ̀ lóṣù tí ń bọ̀.

Ìjọba amúnisìn náà rí èrè nínú ìgò. Owó orí ọtí ni ó tóbi jùlọ nínú owó ibodè Gúúsù Nàìjíríà kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1909, ìgbìmọ̀ kan tí Sir Mackenzie Chalmers ṣe alága rẹ̀ wádìí òwò ọtí náà nítorí ariwo àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n sì parí rẹ̀ sí pé ọtí kò tíì ba àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà jẹ́. Àdéhùn Saint-Germain-en-Laye ti 10 Oṣù Kẹsàn-án 1919 ni ó wá fòfin de ọtí olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wọ Áfíríkà. Àdéhùn kan náà fòfin de pípọn ọtí líle ní àwọn ilẹ̀ tí ó kàn.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀ ní nǹkan bí 1930, tí jíìnì òkè òkun sì wọ́n, ògógóró gbilẹ̀. Ara ẹmu àti ògùrọ̀ ni a ti ń sè é. Ní Dahomey, tí ó wà lábẹ́ àwọn Faransé, irú rẹ̀ ni sodabi, tí ó gba orúkọ ìdílé ará Allada kan tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ Faransé nígbà ogun 1914 sí 1918. Àwọn aláṣẹ ìhà méjèèjì fòfin dè é. A sábà máa ń ka ògógóró sí ìtàn òfin àti àìgbọràn. Bí a bá wò ó láti ìhà adùn, ògógóró ni ìdáhùn ẹmu sí ìgò. Ẹni tí ó sè é ti sọ ọtí ọjọ́ kan di ọtí ọdún, ṣùgbọ́n ó pa dídùn, títa àti funfun rẹ̀ kí ó tó rí èyí ṣe.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni bíà dé. Nigerian Breweries, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, gbé ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1949. Ní 1982 ni ilé iṣẹ́ wọn ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Agbára ọtí bíà àti ti ẹmu kò jìnnà síra. Ohun tí bíà fi borí ni pé ìgò tí a ṣí ní òwúrọ̀ àti èyí tí a ṣí ní òru kò yàtọ̀, ti Olódò àti ti Kánò kò sì yàtọ̀.

Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀sìn ni ó lé ẹmu kúrò nílẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Mùsùlùmí pọ̀ ní Ìbàdàn àti ní àwọn abúlé rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìjọ Kristẹni náà sì ń kọ ọtí. Kí wọ́n tó dé pàápàá, àwọn olórìṣà mọ èèwọ̀ ẹmu. Ìtàn sọ pé ẹmu ni ó pa Ọbàtálá tí ó fi sùn lọ, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ni àwọn ọmọ Ọbàtálá kì í fi mu ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn tí ó kọ ẹmu kọ bíà pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni bíà ń tà. Àwọn mìíràn lè sọ pé iyì ni, pé ìgò jẹ́ àmì ọ̀làjú. Èyí náà kò ṣeé já ní koro, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá lè pẹ́ ni a lè tò sórí tábìlì kí iyì tó wọ̀ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀, nígbà tí ó ṣì wà ní Ìbàdàn, dá ẹgbẹ́ ọ̀mu sílẹ̀ láti fi gbé àṣà ilẹ̀ wọn ga. Wọ́n dá iyì padà fún ẹmu nínú ọgbà. Wọn kò lè dá wákàtí rẹ̀ padà fún un ní ìgboro.

7. Ẹmu Inú Ìgò

Ìgbìyànjú láti fi ẹmu sínú ìgò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba fúnra rẹ̀. Ilé ìwádìí fún iṣẹ́ ọwọ́ tí a dá sílẹ̀ ní Òṣòdì ní 1956, àti ilé ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà lẹ́bàá ìlú Benin, tí a dá sílẹ̀ ní 1939, tí ó sì di NIFOR ní 1964, ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni pé kí a sẹ́ ẹmu, kí a fi í sínú ìgò, kí a sì gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná tí kò tó híhó títí tí ìwúkàrà inú rẹ̀ yóò fi kú. Irú ẹmu bẹ́ẹ̀ lè dúró fún oṣù mélòó kan.

Ní ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, àṣeyọrí ni. Ní ti ìtọ́wò, ó gbé ìbéèrè dìde. Wáìnì pupa tí a dí ẹnu ìgò rẹ̀ ń bá ìgbésí ayé rẹ̀ lọ nínú ìgò náà. Ẹmu tí a pa ìwúkàrà rẹ̀ dúró sójú kan, bí àwòrán ènìyàn, tí ojú rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tí kò lè dáhùn. Ẹni tí ń ṣe é ní láti yan wákàtí kan ṣoṣo, kí ó sì jù àwọn yòókù nù. Ìyípadà láti dídùn sí líle, èyí tí èdè fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ, kò sí nínú ìgò náà mọ́. Kò wá yani lẹ́nu pé ẹmu inú ìgò kò lé ẹmu inú agbè kúrò lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n.

Ìpalára mìíràn ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tà á wá. Bí ìlú ti ń fẹ̀, tí ọ̀nà láti ìdí ọ̀pẹ dé ìsọ̀ ẹlẹ́mu ń gùn sí i, omi àti saccharin di oògùn tí àwọn mìíràn fi ń gbé ẹmu tí ó ti kan dìde. Ìtànjẹ yìí ṣe é ṣe nítorí pé àwọn tí ó lè fi ahọ́n mọ ìyàtọ̀ ń dínkù. Níbi tí ìtọ́wò bá ti kú, kò sí adájọ́ mọ́.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀rí tí a ti yẹ̀ wò fi hàn pé ẹmu ní ìwà tí ó ṣeé ṣàpèjúwe, tí ó ṣeé kọ́, tí ó sì ṣeé ṣèdájọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wáìnì pupa. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bá ìgbà rìn. Tánìnì, ìgò àti àká abẹ́ ilẹ̀ fún wáìnì pupa ní ọdún púpọ̀, ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ ní ìwé, ọjà àti àwọn ọ̀mọ̀wé. Ẹmu ní wákàtí, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé adẹ́mu, agbè, abúlé tí ó súnmọ́ ìlú, àti èdè tí ń sọ adùn àti àkókò pọ̀. Bí jíìnì àti bíà ṣe borí rẹ̀ jẹ́ ìtàn ọ̀nà, ìgò àti owó ibodè. Kò tó láti fi dá ẹmu lẹ́bi pé adùn rẹ̀ kò pé.

Olódò kì í ṣe abúlé oko mọ́ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Ilé ti bo ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ọ̀pẹ wà, ìgboro Ìbàdàn sì ti dé ibẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìjọba yóò máa sọ iye ìgò jíìnì tí ó wọlé ní ọdún kọ̀ọ̀kan, nítorí pé owó orí wà lórí rẹ̀. Kò sí akọ̀wé ibodè tí ó ka agbè ẹmu tí ó gba ojú ọ̀nà Ìwó wọ Ìbàdàn láàárọ̀. Àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹmu ní ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tí ó dá a, tí wọ́n tà á, tí wọ́n sì mu ún. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn onítàn àti àwọn onímọ̀ èdè ni láti gba ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ ní abúlé kọ̀ọ̀kan, láti Akínyẹlé dé Ọ̀nà-Àrà, nígbà tí àwọn tí ó lè tọ́ ẹmu wò kí wọ́n sì sọ wákàtí tí ó kúrò lórí igi ṣì wà láàyè.